Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Ń Wá Fọ́tò Tó Sọnù

Àwọn oníbàárà ló sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Òótọ́-Korò, wọn ò sì purọ́ mọ́ ọn. Ìyá kan náà ló bí wa. Ọdún díẹ̀ ló fi ṣíwájú mi dé ayé, orí ẹní kan la sì jọ sùn dàgbà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló dé tí mi kì í pè é ní "wọ́n". Mo pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, ó ní ṣé mo fẹ́ yá nǹkan ni.

Ṣọ́ọ̀bù kan la jọ ń lò. Èmi ni mo wà níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì mi àti aṣọ funfun tí mo ta mọ́ ògiri fún àwọn tó bá fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Òun wà lẹ́yìn pátákó tá a fi dá ṣọ́ọ̀bù náà sí méjì, níbi tí oòrùn kì í dé. Kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀, fáànù kan tó ń kérora bí aboyún, àga méjì, àti ike kan tó kún fún káàdì kámẹ́rà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà nínú ọ̀rá tiẹ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ògiri ẹ̀yìn á tutù, ọ̀dà ẹ̀ á sì máa ṣí bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ti bẹ onílé títí, ẹnu mi ti bó.

Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí: bí kámẹ́rà bá kọ̀ tí kò fi fọ́tò tó wà nínú káàdì hàn mọ́, òun lẹ máa gbé e wá bá. Á kọ́kọ́ yẹ káàdì náà wò. Á fi rọ́bà tí ọmọ iléèwé fi ń pa nǹkan rẹ́ ra eyín ẹ̀, àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń dán yẹn. Lẹ́yìn náà á ṣe àdàkọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, orí àdàkọ yẹn ló sì ti máa wá ohun tó sọnù. Kò tún ní fọwọ́ kan káàdì fúnra ẹ̀ mọ́. Fọ́tò á wá máa yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á pé, òmíràn á ní ìlà aláwọ̀ pupa gba àárín, òmíràn á jẹ́ ìdajì, ìdajì tó kù á kàn rí bí eérú. Òun náà á jókòó tì í, á gbá àgbọ̀n mú, á máa wo ìgbésí ayé àwọn ẹni ẹlẹ́ni bó ṣe ń kọjá.

Mo bi í lọ́jọ́ kan pé báwo ni fọ́tò tó ti lọ ṣe ń padà wá. Ó ní fọ́tò kì í tètè kú. Ó ní, "Ká sọ pé ilé kan wà tí ayálégbé kún inú ẹ̀. Ẹnì kan wá pa nọ́ńbà ara ilẹ̀kùn rẹ́. Àwọn èèyàn ṣì wà nínú yàrá wọn o, àmọ́ onílé ò mọ̀ mọ́, ó rò pé gbogbo yàrá ti ṣófo. Bí ayálégbé tuntun bá dé, á ní kó wọlé, wọ́n á sì da ẹrù ẹni tó wà níbẹ̀ síta. Ìgbà yẹn gan-an ni fọ́tò kú." Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pariwo mọ́ àwọn èèyàn pé bí káàdì bá ti ṣe yín ní ṣùtà, ẹ má fi ya fọ́tò kankan mọ́, ì báà ṣe ẹyọ kan. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ gbé e wá. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ariwo yẹn gan-an ló wá ń lé wọn lọ. Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kò sẹ́ni tó gbé káàdì wá tí kì í fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé káàdì ló jẹ̀bi. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìyẹn. Obìnrin kan wá tí kò tíì pẹ́ tó bímọ, ojú ẹ̀ ṣì wú fún àìsùn. Kámẹ́rà ló bi í bóyá kí òun nu gbogbo ohun tó wà nínú káàdì kúrò, ó kàn tẹ bẹ́ẹ̀ ni, fọ́tò ọmọ ọwọ́ sì lọ. Ẹ̀gbọ́n mi rí díẹ̀ kó jáde nínú ẹ̀, ó kó o fún un, ó wá ní, "Àǹtí, kámẹ́rà bi yín léèrè, ẹ sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin lẹ pa wọ́n rẹ́." Ẹ gbà mí o! Obìnrin náà bú sẹ́kún, ọmọ náà bú sẹ́kún, èmi ni mò ń gbé omi, èmi ni mò ń gbé ọmọ.

Nígbà tí wọ́n lọ tán mo wọlé tọ̀ ọ́. Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Kí ló máa já lára ẹ tó o bá sọ pé káàdì ló bàjẹ́?"

Ó ní, "Á tún tẹ̀ ẹ́ lọ́la."

"Ṣebí o ti bá a rí díẹ̀!"

"Èyí tó máa yà lọ́la ńkọ́?" Kò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bí dókítà ò bá sọ ohun tó ń fa inú rírun fún èèyàn, kí ló wò?"

Mo pòṣé, mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ta ló fẹ́ bá a fa ọ̀rọ̀? Ìyàwó ẹ̀ gan-an, tó fara dà á ju gbogbo wa lọ, kò lè fara dà á dópin. Bó bá bi í pé ọbẹ̀ ńkọ́, á ní iyọ̀ pọ̀. Bó bá ra aṣọ tuntun, á wò ó lókè wò ó nílẹ̀, á ní àwọ̀ ẹ̀ ò bá a mu. Obìnrin yẹn kó ẹrù ẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fa ọmọbìnrin wọn lọ́wọ́, ó lọ. Láti ìgbà náà, èmi ni mo máa ń lọ gbá yàrá ẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Etí bẹ́ẹ̀dì ló ń sùn. Àárín ẹ̀ kún fún aṣọ tí kò ká, àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Mo máa ń ká aṣọ náà. Bí mo bá fi máa padà dé, ó ti tún wà níbẹ̀.

Ìgbà òjò ni Bàbá Oníjẹnẹrétọ̀ kọ́kọ́ wá bá ẹ̀gbọ́n mi. A ti mọ̀ wọ́n lójú tẹ́lẹ̀. Àwọn ló ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ alájà mẹ́ta ní òdìkejì títì wa. Àràárọ̀ la máa ń gbọ́ tó máa bú sókè, á ké díẹ̀, á sì tún dákẹ́, kódà bí iná bá wà rẹpẹtẹ. Mo ti bi wọ́n rí nígbà tí wọ́n wá ṣe fọ́tòkọ́pì pé kí ni wọ́n ń fìyà jẹ wá sí láàárọ̀ kùtù. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ́ńjìnnì téèyàn ò bá máa tàn, dídì ló ń dì. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá nílò ẹ̀, kò ní jẹ́ yín." Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, ọwọ́ wọn kì í dúró lójú kan: bí wọn ò bá máa nu nǹkan, wọ́n á máa so nǹkan le.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti rù, ẹ̀wù wọn sì ti tóbi jù wọ́n lọ. Wọ́n tú ìbọ̀sẹ̀ kan tó mọ́ tónítóní, wọ́n sì fa kámẹ́rà kékeré kan yọ nínú ẹ̀, èyí tí ilé iṣẹ́ wọn fi ta wọ́n lọ́rẹ nígbà kan.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá, ìyàwó mi wà nínú ẹ̀, àmọ́ kò jáde mọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ro ẹjọ́ wọn. Ìyàwó wọn ti kú. Ọlọ́run ò fún wọn lọ́mọ. Àwọn méjèèjì nìkan ni wọ́n jọ ń gbé. Fọ́tò orí páálí tí wọ́n ní látijọ́, àgbàrá wọlé ní ọdún kan, ó sọ gbogbo ẹ̀ di ẹ̀kọ. Nígbà tí àìsàn wá dá obìnrin náà mọ́lẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló ní, "Ẹ yà mí, kẹ́ ẹ lè máa rí mi." Wọ́n sì ń yà á, lórí bẹ́ẹ̀dì, létí fèrèsé, títí tó fi kú. Lẹ́yìn ìsìnkú ni wọ́n tan kámẹ́rà, tí wọ́n rí i pé ó ń kọ nǹkan tí kò yé wọn sójú.

Wọ́n ní, "Mi ò fẹ́ nǹkan púpọ̀. Ojú ẹ̀ ṣáà ni. Ojú ẹ̀ ti ń sá fún mi. Bí mo bá dijú báyìí, mo máa rí ọwọ́ ẹ̀, mo máa rí ìdí gèlè ẹ̀, mo tiẹ̀ máa gbọ́ ikọ́ ẹ̀. Ojú ò fẹ́ wá mọ́. Ọ̀gá, ẹ bá mi wá ojú ìyàwó mi."

Mo yíjú sí ògiri. Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi kì í sunkún níṣojú oníbàárà.

Ẹ̀gbọ́n mi gba káàdì náà. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tó ń pè mí. Ó ní kí n wá wo nǹkan. Fọ́tò ń yọ lójú kọ̀ǹpútà, gbogbo ẹ̀ ló pé, gbogbo ẹ̀ ló mọ́lẹ̀ kedere: ògiri. Ògiri aláwọ̀ ewé tí ìṣó kan wà lára ẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ́ tí ẹnì kankan ò sùn lé. Kọ́tìnnì. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà ọkùnrin nínú sálúbàtà. Ògiri tún ni. Bẹ́ẹ̀dì tún ni. Ó ń yí i lọ, kò tán.

Mo ní, "Ṣé Bàbá fẹ́ ta ilé ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Wọ́n ń dán an wò."

"Dán kí ni wò?"

"Káàdì. Kámẹ́rà bi wọ́n bóyá kí òun nu ún, wọ́n sì tẹ bẹ́ẹ̀ ni fún un. Wọ́n wá ní kí àwọn mọ̀ bóyá ó ti yá. Wọ́n ya ògiri, ògiri jáde. Wọ́n wá ìyàwó wọn, kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n tún ya ògiri. Nígbà tó kún, wọ́n kó gbogbo ẹ̀ dànù, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Àràárọ̀ ni. Wo bí oòrùn ṣe rí lára kọ́tìnnì yẹn."

Ó yé mi. Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì."

"Bí wọ́n ṣe ń tan ẹ́ńjìnnì, kó má baà dì." Ó bọ́ awò ojú ẹ̀. "Obìnrin yẹn wà níbẹ̀, odindi. Ká ní wọ́n gbé e wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, gbogbo ẹ̀ ni ǹ bá kó fún wọn. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ògiri bò ó mọ́lẹ̀ láràárọ̀."

Ẹyọ kan ló ṣẹ́ kù. Ìdajì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ látorí ìdí gèlè, iwájú orí, ojú méjèèjì tí àìsàn ti mú kó jìn wọnú, ìbẹ̀rẹ̀ imú. Láti ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀, eérú. Kò ní ẹnu. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé tó dára jù tí mo ní, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo mọ ẹni tá a jọ ń lo ṣọ́ọ̀bù. Mo mọ̀ pé Òótọ́-Korò máa la ọ̀rọ̀ yìí mọ́ bàbá tó ń ṣọ̀fọ̀ lórí bó ṣe máa ń là á mọ́ gbogbo èèyàn.

Bàbá dé. Mo nawọ́ fọ́tò náà sí wọn. Wọ́n wò ó fún ìgbà pípẹ́.

Wọ́n ní, "Òun nìyí. Òun rèé."

Wọ́n tọrọ àlùmọ́gàjí lọ́wọ́ mi. Wọ́n gé ibi tó rí bí eérú yẹn kúrò, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gé èékánná ọmọ. Èyí tó kù ò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Wọ́n fi í sápò àyà. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n béèrè ohun tí ẹ̀rù ẹ̀ ti ń bà mí.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló pa àwọn tó kù? Ṣé kì í ṣe èmi ni? Ó ń jẹ mí lọ́kàn. Mò ń sọ fún ara mi pé bóyá mi ò tọ́jú ẹ̀ tó."

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó lanu. Ó pa á dé. Ó tún là á.

Ó ní, "Rárá o, Bàbá. Káàdì yẹn ló ti gbó. Kò sóhun tẹ́ ẹ ṣe."

Bàbá mí kanlẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì mú, wọ́n ń gbàdúrà fún un, wọ́n ní Ọlọ́run á máa fi ẹni rere pàdé ẹ̀ lọ́nà. Inú mi dùn, àbí kí n purọ́? Mo ní ẹ̀gbọ́n mi ti dèèyàn lónìí. Bí Bàbá ṣe jáde báyìí, mo sáré lọ ra ohun mímu tútù wá fún un. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara ẹ̀, kò ṣí i.

Ó ní, "Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n má dán an wò mọ́. Kò sí bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ tí wọn ò ní mọ̀."

Mo ní, "Kí ni wọ́n fẹ́ tún bà jẹ́? Obìnrin ti kú. Káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Jọ̀ọ́, mu ohun mímu ẹ."

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti sọ ṣọ́ọ̀bù wa di ilé. Bí wọ́n bá ti ṣíwọ́ ní ọ̀sán, wọ́n á sọdá títì, wọ́n á wá jókòó sórí àga kejì lẹ́yìn pátákó. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n bá a tú fáànù yẹn, wọ́n fi òróró sí i, kò sì kérora mọ́. Wọ́n bá mi so ilẹ̀kùn tó ti ń wọ́lẹ̀ le. Nígbà míì wọ́n á yọ ìdajì ojú yẹn nínú àpò, wọ́n á bi ẹ̀gbọ́n mi pé ṣé ó rí i pé ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, tí ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé iyọ̀ pọ̀, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín." Ibo ló ti rí ẹ̀rín lójú tí kò ní ẹnu? Àmọ́ èmi náà á gbè é lẹ́sẹ̀, màá ní, "Ó hàn gbangba!"

Ohùn ẹ̀ sì rọ̀ sí àwọn oníbàárà yòókù. Àwọn tó ti sá lọ bẹ̀rẹ̀ sí padà wá. Kò tún pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ara ẹ̀ ò yá. Bí mo bá lọ gbá yàrá ẹ̀, màá bá a tó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, á ní òun ò rí oorun sùn. Mo ní kó lọ rí dókítà. Ó ní dókítà á sọ fún òun pé kò sóhun tó ṣe òun.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé, eruku sì gba títì kan. Ọ̀sán kan báyìí ni Bàbá já wọlé, wọn ò tiẹ̀ kí mi, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa rí eyín wọn láti ìgbà tí ìyàwó wọn ti kú.

"Ọmọ mi! Mo ti rí òmíràn!"

Àbúrò ìyàwó wọn ló wá kó aṣọ olóògbé. Nínú àpò inú báàgì àtijọ́ kan ló ti bá káàdì mìíràn. Bàbá fi í sínú kámẹ́rà, ìyàwó wọn sì yọ sí wọn. Ìgbà tára ẹ̀ le ni. Kò tíì sí àìsàn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé àbúrò ẹ̀, ó gbé agboòrùn dání, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ń yà á.

Bàbá ní, "Gbogbo ẹnu ẹ̀! Gbogbo eyín ẹ̀ ni mo rí! Ìyẹn àlàfo tó wà láàárín eyín ẹ̀, mo ti gbàgbé ẹ̀ pátápátá. Alẹ́ mélòó kan ni mo fi ń wò ó kí n tó sùn." Wọ́n ń tẹ́ káàdì náà sórí tábìlì. "Ìgbà tó yá ni kámẹ́rà náà tún kọ nǹkan tó kọ nígbà yẹn. Mi ò sì jáfara o. Mo tẹ̀ ẹ́ bó ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́. Àràárọ̀ ni mò ń tàn án. Ẹ̀yin náà lẹ sọ pé kì í ṣe ọwọ́ mi ló pa ti àkọ́kọ́, ìyẹn ló jẹ́ kọ́kàn mi balẹ̀. Mo ní kí n jẹ́ kó gbóná dáadáa ná kí n tó gbé e wá, kó má baà kú bíi ti èkíní. Ó sì ń yà dáadáa, ẹ wò ó, kò ṣe wàhálà rárá."

Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi wà lórí tábìlì, kò gbé e síbi káàdì náà.

Èmi ni mo ní, "Ẹ padà wá lọ́la, Bàbá."

Wọ́n lọ. Mo ti ilẹ̀kùn, mo yí pátákó ìta síbi tó kọ "A ti ṣíwọ́", bó tilẹ̀ jẹ́ pé oòrùn ṣì wà lókè. Ẹ̀gbọ́n mi ṣe àdàkọ káàdì náà. A jọ jókòó. Ògiri aláwọ̀ ewé. Bẹ́ẹ̀dì. Kọ́tìnnì. Ògiri. Mo ń sọ nínú mi pé Ọlọ́run, ìdajì kan péré, ìdajì ẹnu péré. Ó wá a láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó lọ wá irinṣẹ́ mìíràn, ó tún wá a. Ògiri ni. Kò sí gèlè, kò sí agboòrùn, kò sí nǹkan kan.

Ó ní, "Wọ́n rí i. Wọ́n rí eyín ẹ̀. Ó wà níbẹ̀ lódindi, Àbúrò mi, wọ́n sì rí i."

Mo fẹ́ sọ pé kò mọ̀. Mo fẹ́ sọ pé ta ló mọ̀ pé káàdì kan wà nínú báàgì? Ó ń sunkún. A ti sin ìyá wa, a ti sin bàbá wa, mi ò rí i kó sunkún rí.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Bàbá ti wà lẹ́nu ọ̀nà ká tó dé. Wọ́n wọ ẹ̀wù funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n wá jókòó, àwọn náà jókòó. Kò fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ó sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn, ti káàdì kejì àti ti àkọ́kọ́: pé ìyàwó wọn wà nínú méjèèjì, pé fọ́tò ògiri tí wọ́n ń yà láràárọ̀ ló ń gba ipò ẹ̀, pé kò sí nǹkan kan tó ṣẹ́ kù báyìí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, àmọ́ kò fi ohunkóhun pa mọ́. Èmi dúró ti pátákó, mo gbá a mú.

Oníbàárà kan kanlẹ̀kùn, ó tún lọ. Bàbá gbójú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi.

Wọ́n ní, "Ìgbà tí mo béèrè lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, ẹ ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, Bàbá."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi pa á mọ́ fún mi?"

"Àánú yín ló ṣe mí."

"Àánú." Wọ́n mi orí. Wọn ò pariwo, ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo. "Ọmọ mi, ẹkún ni ǹ bá sun. Àgbàlagbà ni mí, mo ti sunkún ju ìyẹn lọ rí, mi ò kú. Ǹ bá sunkún lọ́jọ́ náà, ǹ bá sì rí ẹnu ìyàwó mi lónìí."

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n dárí ji òun. Wọn ò dá a lóhùn. Wọ́n mú káàdì náà lórí tábìlì, wọ́n fi í sínú kámẹ́rà, wọ́n tan kámẹ́rà náà. Wọ́n dìde dúró, wọ́n gbé e sókè, wọ́n kọjú ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi níbi tó jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n mi rí i. Kò fọwọ́ bojú, kò yíjú kúrò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́.

Wọ́n ní, "Ojú tiyín ló wà nínú ẹ̀ báyìí. Mi ò ní dán an wò mọ́, kí n má baà fi ògiri bò yín."

Wọ́n fi kámẹ́rà náà sápò, wọ́n kí mi pé ó dàbọ̀, wọ́n sì sọdá títì lọ síbi iṣẹ́ wọn.